Bàálù Tí Kò Wọ̀n Tó Abala Ìwé

Abala ìwé A4 kan, irú èyí tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì ń lò káàkiri Ọ̀fà, tí wọ́n kọ 80 sára páálí tí wọ́n fi dì í, gíráàmù 5 péré ni ìwọ̀n rẹ̀. Bí ẹ bá gé abala náà sí ọ̀nà mẹ́ta tó dọ́gba, ẹyọ kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wúwo ju bàálù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Gíráàmù 1.4 ni òfin ìdíje àgbáyé sọ pé kò gbọdọ̀ dín sí. Apá rẹ̀, láti ṣóńṣó kan dé èkejì, kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 550 lọ, ìyẹn ni pé kò tó rúlà iléèwé méjì tí a tò tẹ̀lé ara wọn. Kò ní ẹ́ńjìnnì, kò ní bátìrì, kò sí ẹni tí ń fi rìmóòtù darí rẹ̀. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 0.4 lọ ni wọ́n lọ́ títí tó fi di kókó-kókó. Òun ló ń tú ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó sì ń yí fáànù iwájú. Agbára kékeré yìí náà ni bàálù ọ̀hún fi ń lo ohun tó ju ogún ìṣẹ́jú lọ lójú òfurufú kó tó balẹ̀. Mo ní òfurufú. Inú ilé ni o.

Ẹni tí kò rí i rí lè pè é ní eré ọmọdé, ṣùgbọ́n àgbàlagbà pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe é: ẹnjiníà, olùkọ́, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. FAI, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1905 láti máa ṣàkóso eré ìdárayá ojú òfurufú lágbàáyé, ya ipele kan sọ́tọ̀ fún un. F1D ni wọ́n ń pe ipele náà, ó sì ní ìdíje àgbáyé tirẹ̀. Wọn kì í sáré níbẹ̀. Ẹni tí bàálù rẹ̀ bá pẹ́ jù lókè ló borí. Fáànù iwájú ń yí jẹ́jẹ́ débi pé ẹ lè máa fojú kà á. Bàálù fúnra rẹ̀ ń pòòyì ní ìrìn ẹni tí kò kánjú, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi súnmọ́ àjà, lẹ́yìn náà ni yóò tún máa bọ̀ nílẹ̀ bó ṣe lọ. Bó bá fẹ́ kọlu ògiri, tàbí kó há sára irin àjà, òfin gba ẹni tó ni ín láàyè láti fi bàlúùnù tí a so òwú mọ́ tì í kúrò.

Ìdí tó fi ń lọ́ra tó bẹ́ẹ̀ kò ṣòro. Ohun tó bá wúwo gbọ́dọ̀ sáré kí afẹ́fẹ́ tó lè gbé e, ìdí nìyẹn tí bàálù ńlá tó fẹ́ gbéra ní Ìlọrin fi ń ki eré mọ́lẹ̀ lórí títì rẹ̀ kó tó kúrò nílẹ̀. Ohun tí apá rẹ̀ fẹ̀, tí ara rẹ̀ kò sì wọ̀n rárá, kò nílò eré púpọ̀. Bí kò bá sì nílò eré púpọ̀, agbára díẹ̀ á tó o, agbára díẹ̀ náà á sì pẹ́ kó tó tán. Gbogbo ọgbọ́n eré yìí wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó bá lè yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù kúrò lára bàálù rẹ̀ láìjẹ́ pé ó kán, ó ti jèrè ìṣẹ́jú.

Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá wọn. N kò sọ ti ìjì tàbí ti ọyẹ́. Ilẹ̀kùn tí ẹnìkan ṣí tí kò tì, ọmọ tó sáré kọjá, ẹni tó sín lójijì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti tó da eré rú. Nítorí náà làwọn eléré yìí ṣe ń wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti dúró kiri ayé, àwọn ibi tí wọ́n sì rí kò jọ pápá eré rárá. Ní Slănic, ní orílẹ̀-èdè Romania, inú ihò tí wọ́n ti wa iyọ̀ ni wọ́n ti ń díje. Ihò náà wọ ilẹ̀ tó mítà 208. Àwọn yàrá tí àwọn awakùsà gbẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ga ju mítà 50 lọ, bí òde gbóná bí òde tutù, inú rẹ̀ kì í kúrò ní bíi dígírì 12. Kí bàálù lè fò dáadáa, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n gbé e lọ.

Ní Cardington, lẹ́bàá Bedford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ òfurufú onígáàsì sí làwọn eléré yìí lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibẹ̀ ni R101 ti jáde, ọkọ̀ tó gùn ju mítà 200 lọ, tó sì jábọ́ nílẹ̀ Faransé ní October 5, 1930, tí ènìyàn 48 bá a lọ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tì, ilé ńlá náà sì dúró síbẹ̀. Àwọn tí bàálù wọn kò tó gíráàmù 2 ló wá jogún àyè rẹ̀. Bákan náà ló rí ní Tustin, ní California, níbi tí wọ́n kọ́ ilé onípákó méjì sí ní 1942 fún àwọn ọkọ̀ onígáàsì tó ń ṣọ́ ọkọ̀ abẹ́ omi nígbà ogun àgbáyé kejì. Àwọn eléré yìí lo ibẹ̀ náà dáadáa. Iná jó ọ̀kan nínú ilé méjèèjì ní November 2023. Ní 1997, Steve Brown, ọmọ Amẹ́ríkà, mú kí bàálù onírọ́bà wà lókè fún ohun tó ju wákàtí kan lọ. Òfin ìgbà náà kò tíì há bíi ti ìsinsìnyí. Wákàtí kan, lórí rọ́bà!

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé àwọn aláìríṣẹ́-ṣe ló ń fi àkókò ṣòfò báyìí, ẹ jẹ́ kí á rántí ibi tí bàálù ńlá ti bẹ̀rẹ̀. Alphonse Pénaud ni wọ́n ń pe ọ̀dọ́mọkùnrin Faransé kan tí àìsàn ìbàdí kò jẹ́ kó lè ṣe iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi. Ní August 18, 1871, nínú ọgbà Tuileries ní Paris, ó ju bàálù kékeré onírọ́bà sókè, ó sì fò tó nǹkan bíi mítà 40 ní ìṣẹ́jú-àáyá 11. Ìrù tó ṣe sí i lẹ́yìn ló jẹ́ kó dúró ṣinṣin láìsí ẹni tó ń darí rẹ̀. Títí dòní, irú ìrù bẹ́ẹ̀ ló wà lára ọ̀pọ̀ bàálù tí a ń wọ̀. Pénaud tún ṣe ohun ìṣeré mìíràn tó ń fi rọ́bà gbéra lóòró bíi hẹlikọ́pítà. Ní 1878, bàbá kan ní Amẹ́ríkà ra irú rẹ̀ bọ̀ nílé fún àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì. Wilbur jẹ́ ọmọ ọdún 11, Orville jẹ́ ọmọ ọdún 7. Wọ́n ṣeré náà títí ó fi bàjẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe tiwọn. Àwọn ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Wright tó fò ní December 17, 1903.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1907, ìwé ìròyìn Daily Mail ṣe ìdíje bàálù kékeré ní Alexandra Palace. A. V. Roe ló mókè nínú ìdíje náà, pọ́n-ùn 75 ni wọ́n fún un. Ní 1909, Roe fò nínú bàálù tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, ilé iṣẹ́ Avro tó dá sílẹ̀ sì di ilé iṣẹ́ bàálù ńlá. Ẹ wo bí ọ̀nà náà ṣe kúrú: ọdún méjì péré ló wà láàárín rọ́bà àti ẹ́ńjìnnì.

Ní tiwa, bàálù kò tètè dé. November 1, 1925 ni bàálù àwọn ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì balẹ̀ ní Kano, tí ojú ilẹ̀ Nàìjíríà fi kọ́kọ́ rí i. Ọ̀fà ti mọ ọkọ̀ ojú irin ṣáájú ìgbà náà. Ọ̀dọ̀ wa ló gbà kọjá lọ sí Ìlọrin ní 1908, ojú irin náà ló sì sọ ìlú di ibi òwò tí ànàmọ́ wa fi ń dé ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó bá fẹ́ wọ bàálù lónìí, Ìlọrin ni yóò lọ. Ìlọrin náà ni iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn awakọ̀ òfurufú, International Aviation College, wà. Zaria ni NCAT, iléèwé mìíràn tó ń kọ́ àwọn awakọ̀ òfurufú, wà láti 1964. Owó iléèwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹ máa ń gbọ́ tí ẹ ó rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ lọ́jọ́ kìíní, ìdí tí apá fi ń gbé bàálù, ìdí tí imú fi ń wọlẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ̀ ọ́n nínú gbọ̀ngàn iléèwé rẹ̀ ní Ọ̀fà.

Gbogbo ayé mọ̀ pé ìjàkadì ni Ọ̀fà fi ń yangàn. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi í sílẹ̀. Mo kàn rò pé ìlú tó mọ bí wọ́n ṣe ń dá ohun tó wúwo délẹ̀ lè fẹ́ràn eré tí ohun tó fúyẹ́ fi ń kọ̀ láti dé ilẹ̀. Àwọn méjèèjì jọra ní ibì kan tí ẹni tó bá ti wọ agbo rí yóò mọ̀: kì í ṣe ipá ni, ibi tí ìwọ̀n ara wà ni.

Gbọ̀ngàn kò wọ́n wa. A ní ti iléèwé, a ní ti àríyá, a ní Federal Polytechnic láti 1992. Àjà wọn kò ga bíi ti Slănic, ìyẹn kò sì dí eré lọ́wọ́. FAI fúnra rẹ̀ pín àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí ipele mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí àjà ṣe ga tó: ohun tí kò tó mítà 8, ti 8 sí 15, ti 15 sí 30, àti èyí tó ju 30 lọ. Gbọ̀ngàn iléèwé girama tí ẹ mọ̀ yẹn, ipele kìíní ló wà, ẹni tó bá fò níbẹ̀ kò bá onílé gíga díje.

Páànù ló yẹ kí á ṣọ́ra fún. Bí oòrùn bá ti mú páànù ní aago mọ́kànlá, afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀ á gbóná, á máa gòkè níbì kan, á máa sọ̀ níbòmíràn, bàálù gíráàmù 2 á sì máa lọ sí ibi tí ẹ kò rán an. Àárọ̀ kùtùkùtù ló dára jù, kí ilẹ̀ tó móoru. Fáànù àjà náà ńkọ́? Ẹ pa á. Èyí ni eré kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ní Nàìjíríà tó ń dùn sí i bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ.

Ohun mìíràn tún wà tó jẹ́ kí eré inú ilé bá àkókò yìí mu. Dúróònù ti di ohun òde ìyàwó. Kò sí ayẹyẹ ńlá tí wọn kì í fi ya fọ́tò láti òkè. Ṣùgbọ́n láti 2016 ni NCAA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà òfurufú, ti ń kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fò láìgba àṣẹ lọ́dọ̀ rẹ̀ àti lọ́dọ̀ ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò. Bí ètò ààbò ṣe rí lágbègbè wa, ìkìlọ̀ náà yé mi. Ohun tó bá ń kùn lókè ilé ẹlòmíràn, tó ní kámẹ́rà lójú, kò sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò ní fò sókè. Bàálù onírọ́bà kò ní kámẹ́rà, kò ń kùn, kò sì lè jáde lójú fèrèsé kó pẹ́ kí atẹ́gùn tó pa á. Ẹnu àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn nìkan ni ìròyìn rẹ̀ mọ.

Ìwé ni kí á fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ iléèwé wo ni kò ká bàálù ìwé rí, tí wọn kò sì torí rẹ̀ nà? Ẹ kò gbọ́dọ̀ fojú kéré rẹ̀. Ní 2010, Takuo Toda, ọmọ Japan, ju bàálù ìwé kan tó wà lókè fún ìṣẹ́jú-àáyá 29.2. Ní December 2022, àwọn ẹnjiníà Boeing ju èyí tó lọ jìnnà tó mítà 88.31. Inú ilé ni méjèèjì ti ṣẹlẹ̀. Olùkọ́ tó gba bàálù ìwé lọ́wọ́ ọmọ lè fi bíi ìṣẹ́jú márùn-ún bi í léèrè ìdí tí tirẹ̀ fi ń lọ jìnnà ju ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Pàṣán kò ní sá lọ.

Lẹ́yìn ìwé, ẹ wo èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé kò ní nǹkan kan. Ẹ bẹ́ fóòmù funfun tí àwọn alásè fi ń di oúnjẹ òde àríyá, kí ó fẹ́lẹ́ gan-an, kí ẹ gé e bí apá bàálù, kí ẹ tẹ etí rẹ̀ sókè díẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ gbé páálí ńlá kan lọ́wọ́ méjèèjì, kí orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn sọ́dọ̀ yín díẹ̀. Ẹ ju fóòmù náà sílẹ̀ níwájú páálí, kí ẹ sì máa rìn tẹ̀lé e. Bí ẹ ṣe ń rìn, páálí ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, afẹ́fẹ́ náà kò ríbi gbà àfi òkè, òun ló sì ń gbé fóòmù dání. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ń rìn, kò ní balẹ̀. Ẹ fẹ́ kó yà sápá ọ̀tún, ẹ sún páálí sápá òsì rẹ̀. Bí àwòdì ṣe ń dúró lókè etí òkè láìju apá nìyẹn, afẹ́fẹ́ tó kọlu òkè ló ń gbé e. Joseph Grant, ọmọ Amẹ́ríkà, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ fún irú eré yìí ní àwọn ọdún 1950. Ohun tó ń náni lówó níbẹ̀ kò sí, àfi súùrù: àwọn tó ń kọ́ ọ máa ń sáré, fóòmù sì kórìíra ẹni tó ń sáré.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe onírọ́bà gan-an yóò ṣiṣẹ́. Àwọn òyìnbó ń lo igi bálísà tó ń wá láti Ecuador, kì í ṣe ohun tí ẹ ó rí lọ́jà Ọwọ́dé. Ẹ wo imọ̀ ògùrọ̀, èyí tí àwọn ọmọ wa fi ń gbẹ́ mọ́tò ìṣeré. Èèpo rẹ̀ le, inú rẹ̀ rọ̀, kò sì wọ̀n. Bíléèdì tuntun ni kí ẹ fi là á sí tẹ́ẹ́rẹ́. Bíléèdì tó ti kú máa ń fà á ya. Ọwọ̀ ìgbálẹ̀ dára fún ara bàálù bí ẹ bá mú èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì gbẹ. Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí aṣọ ń bá wá láti ilé ìfọṣọ ni kí ẹ fi bo apá. Nígbà kan rí, àwọn àgbà eré yìí ní Amẹ́ríkà àti nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa da oje kan sójú omi nínú abọ́ gbàǹgbà, yóò tàn bí epo ṣe ń tàn, yóò gbẹ di awọ tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí, wọn á sì fi férémù wáyà gbé e kúrò lórí omi. Ṣíṣe rẹ̀ gba ọwọ́ tó rọ̀. Èémí tí ẹ mí sí i ti tó fà á ya.

Fáànù iwájú: ẹ gé ewé méjì láti ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀pù ike tí wọ́n fi ń pín ohun mímu, kí gígé náà tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó lè lọ́ díẹ̀ bí ewé fáànù gan-an. Ike inú bírò tó ti tán á gba wáyà tí fáànù náà á fi máa yí. Rọ́bà ló ṣòro jù. Ti owó, èyí tí àwọn oníṣòwò fi ń di owó, kúrú, ó sì tètè ń já. Èyí tí wọ́n gé lára tíúbù kẹ̀kẹ́ wúwo, kò sì nà tó. Rọ́bà àdáyébá tó mọ́ ni wọ́n ń fẹ́. Orílẹ̀-èdè wa náà ń gbin igi rẹ̀. Iyanomo, lẹ́bàá Benin, ni ilé ìwádìí igi rọ́bà wa wà, ẹ kò sì ní rí òkùn rọ́bà tó yẹ fún eré yìí nílé ìtajà kankan nítòsí. Ẹ ó rà á lókè òkun, tàbí kí ẹ máa so ti owó pọ̀ títí. Bí ẹ bá fẹ́ lọ́ ọ, ẹ fi òróró díẹ̀ pa á lára, ẹ kọ́kọ́ nà á jìnnà, kí ẹ máa lọ́ ọ, kí ẹ sì máa súnmọ́ bàálù padà bí ó ṣe ń kún. Ẹni tí kò bá nà á kó tó lọ́ ọ, púpọ̀ nínú agbára rẹ̀ ló fi sílẹ̀ lọ́jà.

Òṣùwọ̀n ńkọ́? Alágbẹ̀dẹ wúrà ní èyí tó ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún gíráàmù. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní ipele kan fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ tí òfin rẹ̀ sọ pé bàálù kò gbọdọ̀ fúyẹ́ ju ẹyọ owó pẹ́nì àtijọ́ kan lọ, gíráàmù 3.1. Tí àkọ́kọ́ tiyín bá wọ̀n tó gíráàmù 6, ẹ má bínú, yóò fò, kò kàn ní pẹ́.

Ibi tí eré ti di ẹ̀kọ́ ni ìgbà tí bàálù bá kọ́kọ́ kọ̀ láti fò. Bí ó bá ń gbórí sókè, tó dúró gbọ̀n-ọ́n, tó wọlẹ̀, tó tún gbórí sókè, ìdí ló wúwo jù. Ẹ fi amọ̀ bíńtín sí imú rẹ̀. Bó bá ń ki imú bọlẹ̀, ẹ yọ amọ̀ náà kúrò, tàbí kí ẹ tẹ etí ìrù sókè bí ìwọ̀n irun orí kan. Fáànù tó ń yí sápá ọ̀tún máa ń yí ara bàálù sápá òsì, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ó máa pòòyì sápá òsì, wọ́n á sì lọ́ apá òsì díẹ̀ kí ó má baà tẹ̀ jù. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá yí mẹ́ta padà pọ̀ kò ní mọ èyí tó wò ó sàn.

Àwọn kan á ní irú eré báyìí kò mú owó wọlé. Òótọ́ ni. Bọ́ọ̀lù tí ọmọ ń gbá nínú ẹrẹ̀ náà kì í mú owó wọlé fún ọ̀pọ̀ jùlọ, a kò sì fi dá wọn lẹ́kun. Ẹlòmíràn á ní fóònù ti gba gbogbo àkókò àwọn ọmọ. Fóònù tí ọmọ ń wò náà ni yóò fi ka ìṣẹ́jú bàálù rẹ̀, tó sì lè fi ya fídíò rẹ̀ kí ó lè rí ìdí tó fi jábọ́. N kò rí ìjà láàárín àwọn méjèèjì.

Ohun tó kù ni gbọ̀ngàn. Àwọn tó ni ti àríyá ń gba owó ọjọ́ Àbámẹ́ta àti Ọjọ́ Àìkú, wọ́n sì ń ti í pa láàárín ọ̀sẹ̀. Ọ̀gá iléèwé girama kan tàbí ẹ̀ka ẹnjiníà kan ní pólì lè tọrọ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, aago méje sí mẹ́sàn-án, kí páànù tó gbóná. Kí wọ́n kó àga sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n ti fèrèsé, kí wọ́n bẹ ẹni tó ń bójú tó gbọ̀ngàn náà pé kó má tan fáànù. Wọ́n lè má rí gbọ̀ngàn náà gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n á rí i gbà ní owó pọ́ọ́kú.